Tèmi, Tìrẹ, Tirẹ̀

Ẹ gbé tèmi yẹ̀wò. Ti ló pàdé èmi, fáwẹ́lì ìdí ti bọ́ dànù, ó ku tèmi. Bẹ́ẹ̀ náà ni tìrẹ: ti àti ìrẹ, ìrẹ tí í ṣe ìwọ lẹ́nu ọ̀pọ̀ èèyàn. Bí a bá kúrò lórí àwọn méjì yìí, ti kì í bọ́ ohunkóhun sílẹ̀ mọ́: tirẹ̀, tiwa, tiyín, tiwọn. Èmi àti ìrẹ tí a jọ ń wojú ara wa la gbé odindi ara wa wọ inú ọ̀rọ̀ náà. Èyí dùn mọ́ mi púpọ̀.

Gẹ̀ẹ́sì gba ọ̀nà mìíràn. Mine ló kọ́kọ́ wà, òun náà ni wọ́n sì ń lò níwájú ọ̀rọ̀-orúkọ. Nígbà tó yá, wọ́n gé n kúrò nídìí rẹ̀ níbẹ̀, ó di my, mine wá ń dá dúró. Ọmọ Yorùbá tó fẹ́ sọ tèmi kò rí ti kankan nínú mine. Ó wá a lọ síbòmíràn, ó bá own pàdé, ó ní “This one is my own.” Ó yé gbogbo wa. Nínú ìwé ìdánwò, kó kọ mine.

Ibi tó le jù ni ọ̀dọ̀ ẹni kẹta. Ọmọ tó ń múra ìdánwò WAEC ní Mamu, lójú ọ̀nà tó ti Ìjẹ̀bú-Òde lọ sí Ìbàdàn, ní láti mọ̀ bóyá ọkùnrin ló ni nǹkan tàbí obìnrin, kó tó yan his tàbí her. Rẹ̀ kò bi í ní irú ìbéèrè yẹn rí. Ohun tí Yorùbá ń béèrè ni pé, ta ló dàgbà jù? Ọmọ tó mọ̀wà kò ní sọ pé màmá òun ta ilẹ̀ rẹ̀. Wọ́n ta ilẹ̀ wọn ni yóò sọ. Ó bá kọ ọ́ sínú ìwé báyìí: “My mother sold their land.” Yíǹkì pupa dé. Ṣùgbọ́n kí ni ọmọ náà ṣe? Ẹ̀kọ́ ilé ló gbé wọnú Gẹ̀ẹ́sì. Mo fẹ́ kí olùkọ́ mọ èyí kó tó fa ìlà sí i, torí pé ẹni tí wọ́n ń pè ní olódo nítorí ọ̀wọ̀ tó ní fún ìyá rẹ̀ kò ní pẹ́ dákẹ́ nínú kíláàsì.

Ti ọmọ Ìjẹ̀bú, bí ọmọ Mamu yìí, tún ní ẹ̀ka tirẹ̀. Nígbà tí onímọ̀ èdè Abiodun Adetugbo pín àwọn ẹ̀ka-èdè Yorùbá ní 1967, ó kó Ìjẹ̀bú pọ̀ mọ́ Oǹdó, Ìkálẹ̀ àti Ìlàjẹ ní gúúsù-ìlà-oòrùn. Ní apá ibẹ̀, ọ̀rọ̀ kan náà lè dúró fún ẹ wá àti wọ́n wá. Ọmọ tó bá ti ilé wá pẹ̀lú èyí, ó kọ́kọ́ ní láti ya ẹ̀yin kúrò lára àwọn nínú Yorùbá ilé-ìwé, kó tó kan your àti their.

A kò bí its mọ́ Gẹ̀ẹ́sì alára. Láyé àtijọ́, his ni wọ́n ń lò fún ọkùnrin àti fún nǹkan. Ìparí ọgọ́rùn-ún ọdún kẹrìndínlógún ni its yọjú. Bíbélì Ọba James tí wọ́n tẹ̀ ní 1611 kò lò ó rárá. Lẹ́yìn náà, ọ̀pọ̀ òǹkọ̀wé fi àmì kékeré sórí rẹ̀, it’s, èyí tí wọ́n ń torí rẹ̀ gba máàkì lọ́wọ́ àwọn ọmọ wa lónìí. Its tí kò ní àmì ni ti ìní. It’s ni it is.

Olùkọ́ lè kọ ilẹ̀ wọn sójú pátákó, kó bi àwọn ọmọ pé: ẹni mélòó ni wọn yìí? Bí wọ́n bá ní ẹnì kan ni, kó tún béèrè: ọkùnrin ni àbí obìnrin? Bí wọ́n bá ní màmá ni, kó kọ her land sábẹ́ rẹ̀, kó má pa ilẹ̀ wọn rẹ́.