Ẹni Tí A Pè àti Ẹni Tí Ó Ń Kọjá: Ìgbé-ayé Ojoojúmọ́ Ìdànrè nínú Fọ́tò Ìwé Ìròyìn

Láti ìgbà tí Stephen Sprague ti tẹ àpilẹ̀kọ rẹ̀ lórí fọ́tò àwọn Yorùbá jáde nínú African Arts ní 1978, ohun tí ó rí ní Ìlá-Ọ̀ràngún ni a fi ń wọn gbogbo fọ́tò Yorùbá. Jíjọra, ìfarahàn, àgbàlagbà tó jókòó kọjú sí kámẹ́rà tó gbé ọwọ́ lé orúnkún: a ti tún un sọ títí ó fi di òfin. Ní ti ilé fọ́tò, n kò bá Sprague jà. Ohun tí mo bá a jà lé lórí ni pé fọ́tò inú ìwé ìròyìn, èyí tó ń kiri ọjà àti gáréèjì, kò jẹ ẹ́ lógún, àwa tí a tẹ̀ lé e náà kò sì bójú wo ibẹ̀.

Ìdànrè, ìlú olókè ní ìpínlẹ̀ Oǹdó, ni mo fẹ́ fi yẹ òfin náà wò, nítorí pé òkè máa ń gba ojú ayàfọ́tò níbẹ̀. Ní 1923 ni àwọn ará Ufẹ̀ Òkè, ìlú Ìdànrè àtijọ́ lórí òkè, sọ̀ kalẹ̀ wá tẹ ìlú ìsàlẹ̀ dó. Ní 1926 ni ìwé ìròyìn Daily Times bẹ̀rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a fi ọdún méjèèjì yìí sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, nítorí n kò rí ẹni tó kà wọ́n sí: ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé ìlú orí òkè kò bọ́ sójú ìwé ìròyìn náà rí àfi lẹ́yìn tí àwọn onílé ti kúrò níbẹ̀. Síbẹ̀ òkè náà ni ayàfọ́tò ń gùn: àtẹ̀gùn tí wọ́n ní ó jẹ́ 667, ààfin àtijọ́, ipasẹ̀ lójú òkúta tí ìtàn ní ó jẹ́ ti Agboogun. Láti 2007 tí UNESCO ti kọ òkè náà sínú ìwé àwọn ibi tí ń retí ìdámọ̀, tí ìjọba Mímikò, gómìnà ìpínlẹ̀ náà nígbà yẹn, sì tún wá ṣe ọdún Mare níbẹ̀, ọ̀rọ̀ náà le sí i. Ẹni tó bá wá Ìdànrè nínú ìwé ìròyìn, òkúta ni yóò kọ́kọ́ rí. Àwọn kan ti torí èyí gbà pé ìwé ìròyìn kò ní nǹkan sọ nípa bí ará Ìdànrè ṣe ń jẹun àárọ̀. Àṣìrò ni.

Ìgbé-ayé náà wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n a ní láti ya oríṣi èèyàn méjì tó wà nínú fọ́tò kan náà sọ́tọ̀. Ẹni tí a pè ni Ọwá tó jẹ́ ọba ìlú náà, olóyè, kọmíṣọ́nnà, olùdíje. Ó mọ̀ pé kámẹ́rà ń bọ̀, ó ti tún agbádá ṣe léjìká. Òfin Sprague mú un dáadáa: wọ́n tò ní ipò-ipò, ọ̀rọ̀ abẹ́ fọ́tò sì ń ka orúkọ wọn láti apá òsì. Ẹni tí ó ń kọjá kò mọ̀ pé òun wà nínú fọ́tò. Òun ni obìnrin tó ń fi ẹsẹ̀ da kòkó tí a sá sẹ́bàá títì, ọmọbìnrin tó gbé àtẹ lérí, ọlọ́kadà tó fi ẹsẹ̀ kan tẹlẹ̀ tó ń retí èrò. Kò sí ìfarahàn kankan lára irú ẹni bẹ́ẹ̀, iṣẹ́ ló ń darí ara rẹ̀.

Wọ́n lè bi mí pé, ọmọdé tó rí kámẹ́rà tó sáré wá ń juwọ́ ńkọ́? Kò sẹ́ni tó pè é. Èmi kà á mọ́ àwọn tí a pè, nítorí pé ó ti pe ara rẹ̀. Ohun tó pààlà náà ni bóyá ara mọ̀ pé wọ́n ń wo òun, kì í ṣe ìwé ìkésíni. Ìdí nìyí tí èèyàn kan náà fi lè ré ààlà náà kọjá. Olóyè tí oorun gbé lọ nígbà tí kọmíṣọ́nnà ń ka ọ̀rọ̀ gígùn ti di ẹni tí ó ń kọjá, bó tilẹ̀ wà ní ìlà iwájú. Obìnrin oníkòkó tí ayàfọ́tò ní kó dúró, kó rẹ́rìn-ín, ti di ẹni tí a pè, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò sì ní sọ nǹkan kan fún wa mọ́ nípa bí a ṣe ń da kòkó. Ọ̀pọ̀ fọ́tò tí àwọn olóòtú fi ń ṣàfihàn “ìgbé-ayé ìlú” ni mo fura sí nítorí èyí.

Ní ti ibi tí àwọn fọ́tò wà, n kò ní pẹ́ níbẹ̀. Òfin ìwé títẹ̀ ti 1950 ló mú kí ìwé ìròyìn máa dé yunifásítì Ìbàdàn. Ojú ìwé tí a ti tẹ̀ ni wọ́n ń kó wá, kì í ṣe nẹ́gátíìfù. Àwo síǹkì àtijọ́ sì ń sọ fọ́tò di àmì wínníwínní: ojú ẹni iwájú mọ́, àwọn tó wà lẹ́yìn lẹ̀ pọ̀. Máíkírófíìmù tún gé àwọ̀ tó wà láàárín dúdú àti funfun kúrò. Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n pa ẹni tí ó ń kọjá rẹ́ kí ó tó dé ọ̀dọ̀ wa. Iṣẹ́ ńlá ni àwọn Archivi.ng, tó ń kó ìwé ìròyìn àtijọ́ sórí íntánẹ́ẹ̀tì, ń ṣe, ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ tí a tẹ̀ nìkan la fi ń wá nǹkan, orúkọ kọmíṣọ́nnà ni yóò máa jáde.

(Ọ̀rọ̀ àwọn ayàfọ́tò fúnra wọn tó àpilẹ̀kọ mìíràn. Peter Obe ti Daily Times ní ìwé ní orúkọ ara rẹ̀ láti 1971. Ta ni ó kọ orúkọ àwọn tó ń fi fọ́tò ránṣẹ́ láti Oǹdó àti Àkúrẹ́?)

Kòkó ni n ó fi gbe ọ̀rọ̀ ẹni tí ó ń kọjá lẹ́sẹ̀. Ní 1986 ìjọba àpapọ̀ fòpin sí àwọn bọ́ọ̀dù tó ń ra kòkó. Ọ̀rọ̀ mínísítà ni àwọn òpìtàn fi ń sọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Bóyá mo ti lọ jìnnà, ṣùgbọ́n mo gbà pé ìwọ̀n, àpò àti pátákó iwájú ilé tó wà lẹ́yìn àwọn àlejò pàtàkì nínú fọ́tò ọdún wọ̀nyẹn yóò sọ ìgbà tí àyípadà náà dé òpópónà Ìdànrè, yóò sì já ọ̀pọ̀ ohun tí a ti kọ nírọ́. N kò rí bí a ṣe lè kọ ìtàn kòkó ìlú náà láìlo wọn.

Nítorí náà, iṣẹ́ kan wà fún Owena Press ní Àkúrẹ́, tó ń tẹ The Hope, àti fún gbogbo ilé tó ṣì ní fọ́tò gidi lọ́wọ́. Kí wọ́n fi ìlà kejì sábẹ́ ọ̀rọ̀ abẹ́ fọ́tò kọ̀ọ̀kan nínú àkọsílẹ̀ wọn, kí wọ́n kọ ohun tí àwọn tí a kò pè ń ṣe, ohun tí wọ́n rù, àti ohun tí wọ́n sá sẹ́bàá títì.