LỌ́RÌ KAN, ÒKÚ ỌKỌ̀ MÉLÒÓ?

Ẹni tó bá ní òun fẹ́ tún ọkọ̀ ológun àtijọ́ ṣe, kò ní pẹ́ tí ìjà á fi bẹ̀rẹ̀. Kì í ṣe ìjà pẹ̀lú irin tó ti dógùn-ún nìkan o. Àwọn tó máa wá wo ọkọ̀ náà gan-an ni wàhálà. Wọ́n á yí i po, wọ́n á yọjú sábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì, wọ́n á ní, "Ṣé ojúlówó ni?" Ẹ́ńjìnì yẹn ńkọ́, ṣé òun ló bá a wá láti ilé iṣẹ́? Áásù ẹ̀yìn yẹn, ṣé kì í ṣe ti ọkọ̀ mìíràn? Bí onítọ̀hún bá jẹ́wọ́ pé ara ọkọ̀ mẹ́ta mẹ́rin lòun ti kó o jọ, wọ́n á fà sẹ́yìn díẹ̀, wọ́n á ní, "Áà, àlẹ̀mọ́ ni." Àfi bí ẹni pé wọ́n ká a mọ́ ìdí ìkòkò ọbẹ̀.

Èmi ò sí lẹ́yìn wọn. Ọkọ̀ ológun kan wà tó jẹ́ pé àlẹ̀mọ́ ni láti ọjọ́ tí wọ́n ti kọ́kọ́ tò ó, ẹni tó bá sì ń wá "ojúlówó" nínú rẹ̀ bí àwọn wọ̀nyẹn ṣe ń wá a, ohun tí kò sí rí ló ń wá. Ọkọ̀ ọ̀hún ni GMC CCKW, lọ́rì onítáyà mẹ́wàá tí àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà fi kó ẹrù nígbà Ogun Àgbáyé Kejì. Jimmy ni àwọn sójà ń pè é.

Ẹ wo orúkọ yẹn ná, CCKW. Kò ní ìtumọ̀ kan gbòógì tí wọ́n gé kúrú. C àkọ́kọ́ dúró fún ọdún 1941 tí wọ́n yàwòrán rẹ̀. C kejì ń sọ bí orí ọkọ̀ ṣe rí, pé ẹ́ńjìnì wà níwájú dírẹ́bà bíi ti lọ́rì tí gbogbo wa mọ̀. K ní kẹ́ ẹ mọ̀ pé ẹsẹ̀ iwájú náà ń fà, kì í ṣe pé ó kàn ń yí. W sì dúró fún áásù ẹ̀yìn méjì tí àwọn méjèèjì ń fà. Ẹ ò rí nǹkan? Kódà orúkọ rẹ̀ gan-an, wọ́n tò ó pọ̀ ni.

Láàárín 1941 sí 1945, èyí tí wọ́n ṣe lé ní 500,000. Kò sí ilé iṣẹ́ kan tó lè dá gbogbo irin irú iye bẹ́ẹ̀ rọ nínú ogun. Nítorí náà, oríṣi áásù méjì ló wà lábẹ́ ọkọ̀ kan náà. Èkíní, tí inú ilé General Motors fúnra rẹ̀ ti ń wá, rí róbótó láàárín, wọ́n sì ń pè é ní banjo, ìyẹn orúkọ ohun èlò orin olókùn kan. Èkejì, Timken ló ń ṣe é, ó ṣeé là sí méjì láàárín, split ni wọ́n ń pè é. Orúkọ kan náà, ọ̀dà kan náà, ẹrù kan náà. Ṣùgbọ́n ohun tó wà nínú banjo kò wọ inú split. Mẹkáníìkì tó bá ránṣẹ́ pé "ẹ fi gíá áásù Jimmy ránṣẹ́ sí mi" láìsọ irú èyí tó ní, àfàìmọ̀ kó má jókòó ti òkúta lójú ọ̀nà.

Ara rẹ̀ náà ò dúró sójú kan. Irin ni wọ́n kọ́kọ́ fi ṣe ẹ̀yìn tí wọ́n ń kó ẹrù sí. Nígbà tí irin wọ́n, tí ọkọ̀ ojú omi àti ọkọ̀ ogun onírin ń jẹ irin bí iná ṣe ń jẹ koríko, wọ́n fi pákó ṣe é. Lẹ́yìn ìyẹn, wọ́n tún pa pákó àti irin pọ̀. Orí ọkọ̀ tó ní òrùlé irin àti ilẹ̀kùn ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Nígbà tó yá, wọ́n gé e, wọ́n fi aṣọ tápólì bò ó. Irin dín kù, ọkọ̀ sì ṣeé tò jọ dáadáa nínú ọkọ̀ ojú omi. Wàyí o, èwo nínú wọn ni ojúlówó?

Ọ̀rọ̀ náà tún jù bẹ́ẹ̀ lọ. Studebaker, tí òun àti General Motors jọ ń bá ara wọn du ọjà nígbà àlàáfíà, ń ṣe lọ́rì onítáyà mẹ́wàá tirẹ̀, US6. Púpọ̀ nínú ìyẹn ló lọ sí Rọ́ṣíà, ibẹ̀ ni wọ́n sì ti gbé rọ́kẹ́ẹ̀tì Katyusha lé ọ̀pọ̀ lára wọn lórí. Timken kan náà tó ń ṣe áásù split fún GMC ló ń ṣe ti Studebaker. Ìdí nìyẹn tí ẹni tó ń wá nǹkan inú áásù Jimmy lónìí fi máa ń yọjú sí àgbàlá ẹni tó ní òkú Studebaker. Ẹ́ńjìnì Jimmy náà, onísílíńdà mẹ́fà tí wọ́n ń pè ní 270, òun náà ló wà nínú DUKW, ọkọ̀ tó ń rìn lórí ilẹ̀ tó tún ń wẹ̀ lójú omi. Kò sì kú pẹ̀lú ogun. Lẹ́yìn 1945, GMC ṣì ń gbé e sínú lọ́rì tí wọ́n ń tà fún aráàlú. Nítorí náà, ẹ́ńjìnì tó jáde láti inú lọ́rì oníṣòwò kan lẹ́yìn ogun lè jókòó sínú ọkọ̀ 1943 kó sì dà bíi pé ilé ìyá rẹ̀ ló padà sí.

Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti wá dùn mí dénú ni Red Ball Express. Lẹ́yìn tí àwọn ọmọ ogun gúnlẹ̀ sí Normandy ní June 6, 1944, tí wọ́n sì já gba inú ilẹ̀ Faransé lọ, iwájú sáré ju ẹ̀yìn lọ. Àwọn ọkọ̀ òfuurufú tiwọn fúnra wọn ló ti fọ́ ojú irin ilẹ̀ Faransé kí àwọn Jámánì má baà rí i lò. Epo, ọta àti oúnjẹ wà létí òkun; àwọn tó nílò rẹ̀ ti jìnnà. Ní August 25, wọ́n ya ọ̀nà sọ́tọ̀ láti Saint-Lô dé Chartres, ọ̀kan fún àlọ, ọ̀kan fún àbọ̀, kò sí ọkọ̀ mìíràn tó gbọ́dọ̀ gbabẹ̀. Ní August 29, ọkọ̀ 5,958 kó ẹrù tó 12,342 tọ́ọ̀nù lọ́jọ́ kan. Títí di November 16, tọ̀sán-tòru ni wọ́n fi ń lọ.

Ta ló ń wà wọ́n? Nínú dírẹ́bà mẹ́rin, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mẹ́ta tó jẹ́ aláwọ̀ dúdú. Àwọn ológun Amẹ́ríkà ìgbà yẹn ya dúdú sọ́tọ̀ kúrò lára funfun, ìdí ẹrù, ìdí ìkòkò àti ìdí sítíárìn ni wọ́n sì máa ń fi ọ̀pọ̀ dúdú sí, wọn kì í fẹ́ kí wọ́n wà níwájú ogun. Ìgbà tó di July 26, 1948 ni Ààrẹ Truman tó fọwọ́ sí ìwé àṣẹ pé kí ìyàsọ́tọ̀ yẹn dópin. Àwọn tí wọ́n rò pé kò yẹ ní fífún ní ìbọn ló wá di ọ̀nà ọ̀fun gbogbo ogun náà. Wọ́n ní kí wọ́n má sáré ju máìlì 25 lọ ní wákàtí kan. Ta ló ń gbọ́ ìyẹn? Wọ́n yọ irin kékeré tí wọ́n fi dè kabúrétọ̀ kó má baà sáré, wọ́n di ẹrù tó tó ìlọ́po méjì ohun tó yẹ kí ọkọ̀ gbé, ó di eré.

Ọkọ̀ tí wọ́n bá lò báyìí, kí ló máa ṣẹlẹ̀ sí i? Táyà á bẹ́. Agolo oúnjẹ tí àwọn sójà ń jù sójú ọ̀nà ń gún un. Sípíríǹgì á kán. Epo ẹ́ńjìnì á gbẹ, bátìrì á kú. Mẹkáníìkì ò sì ráyè dúró de sípéà páàtì láti Amẹ́ríkà. Ohun tó ń ṣe ni ohun tí mẹkáníìkì wa ń ṣe ní gbogbo ìgbà: ó ń wo èyí tó ti kú tán, ó ń bọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀, ó ń yọ gíábọ́ọ̀sì rẹ̀, ó ń fi í jí èyí tí kò tíì kú tán. Bí ẹ́ńjìnì bá dákú, wọn kì í fìdí kalẹ̀ tì í. Wọ́n á yọ ọ́, wọ́n á gbé òmíràn tí wọ́n ti tún ṣe sí i. Èyí tí wọ́n yọ á lọ sí gáráàjì ńlá lẹ́yìn, bó bá sì jáde níbẹ̀, inú ọkọ̀ tó bá kàn ló máa wọ̀. Kò sẹ́ni tó ń béèrè pé ọmọ ta ni.

Ogun parí, ọkọ̀ ò parí. Ọ̀pọ̀ Jimmy ò padà sílé. Wọ́n fi sílẹ̀, wọ́n tà á, wọ́n fi ta ọrẹ. Àwọn ológun ilẹ̀ Faransé lò ó fún ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn ogun, wọ́n ń tú u palẹ̀, wọ́n ń tún un tò, wọ́n ń fi ti ibí bọ ti ọ̀hún. Ọ̀pọ̀ èyí tí àwọn olùfẹ́ ọkọ̀ àtijọ́ ń tún ṣe ní Yúróòpù, ọwọ́ wọn ló ti gbà kọjá. Nítorí náà, kí ẹni tó ń tún un ṣe tó fọwọ́ kàn án rárá, àwọn mìíràn ti tò ó ní ìgbà méjì, bóyá mẹ́ta.

Bẹ́ẹ̀, ṣé àwa ló yẹ kí wọ́n máa ṣàlàyé èyí fún? Àwa ọmọ ilẹ̀ bọ̀lẹ̀kájà! Bẹ́dífọ́ọ̀dù tí Gẹ̀ẹ́sì fi ja ogun kan náà, ìran rẹ̀ ló wá di lọ́rì àwọn baba wa. Ṣásí àti ẹ́ńjìnì ló ń ti òkè òkun dé; káfíńtà ibí ló ń fi pákó kan ara àti òrùlé rẹ̀, tí ayàwòrán á wá kọ ọ̀rọ̀ sí i níwájú. Mọ́lùẹ̀ náà nìyẹn: Benz 911 lábẹ́, wẹ́dà àti páńẹ́lì-bítà Èkó lókè. Ẹni tó bá ti gun mọ́lùẹ̀ rí mọ̀ pé Jámánì ò ṣe ohun tó rí bẹ́ẹ̀. Ṣé ẹnì kan wá sọ pé mọ́lùẹ̀ kì í ṣe ojúlówó mọ́lùẹ̀? Lọ́jà Ládípọ̀, tòkunbọ̀ lorúkọ tí à ń pe irin tó ti sìn níbòmíràn kó tó dé ọ̀dọ̀ wa. Orúkọ ọmọ èèyàn ni. A ò fi bú u.

Ṣùgbọ́n kẹ́ ẹ má gbọ́ mi lódì. Kì í ṣe pé kéèyàn kàn máa kó irin jọ bí onípáńtí. Àlẹ̀mọ́ ní òfin tirẹ̀. Ọkọ̀ tí gbogbo ẹsẹ̀ rẹ̀ ń fà, bí gíá áásù iwájú bá yàtọ̀ sí ti ẹ̀yìn, ẹsẹ̀ iwájú á fẹ́ máa sáré, tẹ̀yìn á máa fà á padà. Nínú ẹrẹ̀, ẹ lè má mọ̀, torí táyà á máa yọ̀. Ẹ gbé e dórí ọ̀dà kẹ́ ẹ wá gbọ́ ariwo irin. Ẹni tó bá fẹ́ fi banjo rọ́pò split, kó wo ọ̀pá tó ń gbé agbára láti gíábọ́ọ̀sì wá sídìí áásù dáadáa, kó wo gbogbo ohun tó so mọ́ ọn, kó tó fọwọ́ sọ̀yà. Rọ́bà bíréèkì, tuntun ni kó rà, kò sí "ojúlówó" níbẹ̀ rárá. Rọ́bà 1944 ò ní mú lọ́rì dúró lórí òkè, ó kàn máa pa èèyàn ni. Ní ti iná, fólítì 6 ni Jimmy ń lò. Àwọn kan máa ń sọ ọ́ di 12 kó lè rọrùn láti ta. Èmi ò bá wọn jà, bí wọ́n bá ti lè tọ́jú èyí tí wọ́n yọ.

Ibi tí ìbéèrè "ojúlówó" ti ní láárí lójú tèmi ni ibi ọ̀dà. Lábẹ́ ọ̀dà tó wà lókè, ọ̀dà mìíràn wà, òmíràn tún wà lábẹ́ ìyẹn. Ẹni tó bá fi sùúrù fi bébà kíkúnná ha ẹ̀gbẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì díẹ̀díẹ̀, tí kò gbé iná wẹ́dà tì í, lè rí nọ́ńbà tí àwọn ológun kọ sí i, èyí tó ń fi 4 bẹ̀rẹ̀ fún irú lọ́rì yìí. Ó lè rí àmì ẹ̀ka ológun tó lò ó. Ìwé ìtàn lèyí tó hó yẹn. Àwọn tó ń fẹ́ kí ọkọ̀ mọ́ tónítóní bí ọjọ́ tó jáde nílé iṣẹ́ máa ń fọ gbogbo rẹ̀ dànù, wọ́n á wá fi ọ̀dà ewé tuntun kùn ún, wọ́n á ní àwọn ti dá a padà sí bó ṣe wà. Mo ní, ìgbà wo? Ọjọ́ kan péré ló rí bẹ́ẹ̀ láyé rẹ̀.

Ẹ̀kú egúngún ilé wa, bọdún bá dé, wọ́n á fi aṣọ tuntun kún un. Aṣọ baba ńlá wà nísàlẹ̀, ti ìyá àgbà tó kú lẹ́ẹ̀mí wà lórí rẹ̀, ti ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rí owó ló wà lókè pátápátá. Egúngún kan náà ni. Kò sí aráalé tó máa ní kí wọ́n tú u títí kan aṣọ àkọ́kọ́ kí òun lè rí ojúlówó.

Irọ́ ni mo kórìíra. Àwọn kan á ra Jimmy tí kò dé ilẹ̀ Faransé rí, wọ́n á kùn ún, wọ́n á ya òbìrìkìtì pupa Red Ball síwájú rẹ̀. Àwọn mìíràn á wá àwo kékeré tó wà níwájú ìjókòó dírẹ́bà, tí nọ́ńbà ọkọ̀ wà lára rẹ̀, wọ́n á tẹ òmíràn bó ṣe wù wọ́n. Áásù Studebaker lábẹ́ Jimmy kò parọ́ fún ẹnikẹ́ni, torí àwọn mẹkáníìkì ìgbà ogun gan-an ì bá ṣe é bẹ́ẹ̀. Àmì ibi tí ọkọ̀ ò dé ló ń parọ́, ẹnu àwọn dírẹ́bà aláwọ̀ dúdú wọ̀nyẹn ló sì ń gba ìtàn mọ́, nígbà tí díẹ̀ lára wọn ni wọ́n kọ orúkọ wọn síbi kankan.

Bí mo bá ní irú ọkọ̀ yẹn láti tún ṣe, máa ra ìwé àjákọ oníkọ́bà líle kan, máa so ó mọ́ abẹ́ ìjókòó. Gbogbo rẹ̀ ni máa kọ síbẹ̀: ẹ́ńjìnì láti inú DUKW, ọjọ́ tí mo gbé e sí i, áásù àárín láti ara Studebaker, ilẹ̀kùn òsì láti ara ọkọ̀ kejì, pákó ẹ̀yìn láti ọwọ́ káfíńtà àdúgbò, pẹ̀lú orúkọ káfíńtà náà. Máa sì fi ojú ìwé púpọ̀ sílẹ̀ lófìfo fún mẹkáníìkì tó ń bọ̀ lẹ́yìn mi.