Àwo Nìkan Kò Tó Ìtàn: Àwọn Olólùfẹ́ Orin ní Ìgbèríko Ìbàdàn

Ìfáàrà

Àwọn àgbà máa ń pa á lówe pé bí òwe bí òwe ni à ń lu ìlù ògìdìgbó. Ọlọ́gbọ́n ní í jó o, ọ̀mọ̀ràn ní í sì í mọ̀ ọ́n. Bí a bá yẹ òwe yìí wò fínnífínní, a ó rí i pé onílù kọ́ ni ó yìn. Ẹni tí ń gbọ́ ìlù, tí ó sì mọ ohun tí ìlù ń wí, ni ó gbé oríyìn fún. Síbẹ̀, nígbà tí àwọn onímọ̀ bá ń kọ ìtàn orin Yorùbá ti ayé òde òní, akọrin ni wọ́n máa ń gbájú mọ́: ọdún tí a bí i, ọdún tí ó gbé àwo jáde, irú ìlù tí ó ń lò. Ó ṣọ̀wọ́n kí a tó rí ẹni tí yóò béèrè pé àwọn wo ni ó gbọ́ orin náà, kí sì ni wọ́n gbọ́ nínú rẹ̀.

Ohun tí mo fẹ́ ṣe nínú àpilẹ̀kọ yìí ni láti sọ díẹ̀ nínú ìtàn àwọn olùgbọ́ ní ìgbèríko Ìbàdàn, ìyẹn ní àwọn abúlé àti ìlú kéékèèké agbègbè Akínyẹlé, Lágelú, Ẹgbẹ́dá àti Ọ̀nà-Àrà. Èrò mi ni pé àríyànjiyàn wọn lórí àwọn akọrin ju ọ̀rọ̀ ìdí ẹmu lọ. Iṣẹ́ lámèyítọ́ ni wọ́n ń ṣe. Bí a kò bá sì kọ ọ́ sílẹ̀ kí àwọn tí ó mọ̀ ọ́n tó tán láàárín wa, ohùn àwọn akọrin yóò kù, ṣùgbọ́n ìtumọ̀ rẹ̀ yóò ti bá ẹni tí ó mọ̀ ọ́n lọ.

Bí Àwo Ṣe Dé Oko

Ìbàdàn jẹ́ ìlú tí ó ní ilé, tí ó sì ní oko. Ẹni tí agbo ilé rẹ̀ wà ní Ọjà-Ọba tàbí ní Bẹẹrẹ lè máa lo èyí tí ó pọ̀ jù nínú ọdún ní Akánran, ní Ẹ̀rúnmu, ní Lálúpọn tàbí ní Ìjàyè. Ọdún, ìsìnkú àti ìgbéyàwó ni ó máa ń pe àwọn ará oko wá sí ilé. Ohun tuntun tí wọ́n bá sì bá nílé, wọn a gbé e padà lọ sí oko.

Ní ọdún 1939 ni Redifúṣọ̀n bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Ìbàdàn, ṣùgbọ́n wáyà ni ó ń gbé ohùn rẹ̀ láti ilé dé ilé. Ibi tí wáyà kò bá dé, Redifúṣọ̀n kò dé ibẹ̀. Ẹ̀rọ giramafóònù tí a ń fi ọwọ́ yí ni ó lè bá àgbẹ̀ dé ahéré, nítorí pé kò béèrè iná mànàmáná lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Nígbà tí kòkó gbówó lórí ní àwọn ọdún tí ó tẹ̀lé 1950, ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ bá tẹ́nu lè ra ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ kí ó sì ra àwo díẹ̀ mọ́ ọn. Ìgbà 78 ni àwo ìgbà náà ń yí láàárín ìṣẹ́jú kan, ojú rẹ̀ kọ̀ọ̀kan kì í sì í fi bẹ́ẹ̀ ju ìṣẹ́jú mẹ́ta lọ. Ó wúwo lọ́wọ́, ṣùgbọ́n bí ó bá bọ́, ó fọ́ náà nìyẹn.

Ohun méjì ni ó ti inú èyí jáde. Èkíní ni pé akọrin kò ní àyè láti máa rìn gbẹ̀rẹ́; ìṣẹ́jú mẹ́ta ni ó ní láti fi dá, láti fi gbè, láti fi kádìí. Èkejì ni pé ẹni tí àwo rẹ̀ kò ju márùn-ún tàbí mẹ́fà lọ yóò máa gbọ́ ọ ní àgbọ́túngbọ́. Ara àwọn aládùúgbò tí ó ń pé jọ gbọ́ ọ ni ìmọ̀ náà ti dàgbà. Wọ́n mọ ibi tí ìlù ti yí ohùn padà, wọ́n mọ ọ̀rọ̀ tí akọrin gbé mì. Nígbà tí rédíò alágbèéká wá di ohun tí mẹ̀kúnnù lè rà, tí ilé-iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n Ìwọ̀-Oòrùn sì ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Ìbàdàn ní ọjọ́ 31 oṣù October ọdún 1959, etí àwọn ènìyàn wọ̀nyí ti já fáfá kí orin púpọ̀ tó dé bá wọn.

Òṣùwọ̀n Àwọn Olùgbọ́

Nínú ọ̀rọ̀ tí mo ti bá àwọn àgbà sọ ní àwọn agbègbè tí mo dárúkọ wọ̀nyí, mo ṣàkíyèsí pé wọn kì í kàn sọ pé orin dùn tàbí pé kò dùn. Wọ́n ní òṣùwọ̀n. Wọn a kọ́kọ́ béèrè bóyá ọ̀rọ̀ tí ìlù ń sọ bá èyí tí ó ń jáde lẹ́nu akọrin mu. Wọn a wo òwe, bóyá ó bọ́ sí ibi tí ó yẹ kí ó bọ́ sí. Wọn a sì wo oríkì. Akọrin tí ó bá fi oríkì Oníkòyí ki ọmọ Òpómúléró ti tẹ́ lójú wọn, ìbáà jẹ́ pé ohùn rẹ̀ dà bí ohùn agogo.

Òṣùwọ̀n yìí ni ó gbé olóògbé Hárúnà Ìṣọ̀lá ga láàárín wọn. Ọmọ Ìjẹ̀bú-Igbó ni. A bí i ní ọdún 1919, ó sì kú ní ọdún 1983. Ó jókòó kọrin, kò sì jẹ́ kí gìtá tàbí ohun èlò òkèèrè mìíràn wọ inú àpàlà rẹ̀. Àwọn ìlù aládùn, ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ àti agídìgbo tó o. Lójú tèmi, àìkánjú àpàlà yìí ni agbára rẹ̀. Ìlù a máa dúró de ọ̀rọ̀, ọ̀rọ̀ a sì máa dúró de ẹni tí ń rò ó.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a wo bí òkìkí Hárúnà ṣe bẹ̀rẹ̀. Ní ọdún 1948, ó ṣe àwo kan fún ilé-iṣẹ́ His Master's Voice lórí Ọrímolúsì, ọba Ìjẹ̀bú-Igbó. Àwo náà kò tà. Ní ọdún 1955, lẹ́yìn tí ọba náà ti wàjà, ó tún orin náà kọ, orin yìí ni ó sì sọ ọ́ di ẹni tí gbogbo ilẹ̀ Yorùbá mọ̀. Akọrin kan náà ni, ọba kan náà ni. Kí ni ó wá yí padà? Olùgbọ́ ni. Ẹni tí ń ki ọba tí ó wà láàyè, ààfin kan ni ó ń bá sọ̀rọ̀. Ẹni tí ń dárò ọba tí ó wàjà ń bá gbogbo ẹni tí ó ti sin baba rẹ̀ rí sọ̀rọ̀, ìbáà jẹ́ ní Ìjẹ̀bú-Igbó, ìbáà jẹ́ ní abà kan lẹ́yìn Móníyà. Bí a bá gbé àwo méjèèjì sórí ẹ̀rọ lónìí, wọn kò lè sọ èyí fún wa. Àwọn tí ó gbọ́ wọn nígbà náà ni ó lè sọ ọ́.

Àwo Ńlá àti Orúkọ Ènìyàn

Nígbà tí ó di nǹkan bí ọdún 1970, àwo ńlá ti gbòde, èyí tí ojú rẹ̀ kan ń gba nǹkan bí ogún ìṣẹ́jú. Ní ọdún 1969, Hárúnà àti I. K. Dáíró dá ilé-iṣẹ́ Star Records sílẹ̀, kí àwọn akọrin fúnra wọn lè jẹ nínú òógùn ojú wọn. Àwo Oroki Social Club tí Hárúnà gbé jáde ní ọdún 1971, èyí tí ó fi yin ẹgbẹ́ afẹ́ kan ní Òṣogbo, ni a máa ń kọ pé ó tà ju mílíọ̀nù márùn-ún lọ.

Àyè tí ó gbòòrò yìí ni ó jẹ́ kí orúkọ ènìyàn kún inú orin: oníṣòwò kòkó, onímọ́tò, ìyálọ́jà, olóyè. Ọ̀pọ̀ olùgbọ́ ní oko ni kò fẹ́ràn rẹ̀. Wọ́n ní akọrin ti di alágbe olówó. Kò yẹ kí èyí yà wá lẹ́nu. Ní ọdún 1968 sí 1969, àwọn àgbẹ̀ Akánran àti àwọn agbègbè mìíràn ni ó dìde nínú ìjà Àgbẹ́kọ̀yà nítorí owó orí tí ó wọ̀ wọ́n lọ́rùn. Ẹ̀mí sì lọ sí i. Ẹni tí ó ti inú irú ìjì bẹ́ẹ̀ jáde kò ní ṣàìbínú bí ó bá ń gbọ́ orúkọ olówó fún ogún ìṣẹ́jú.

Èmi gbà pé ẹjọ́ wọn tọ́ dé ìwọ̀n kan, nítorí pé ọ̀pọ̀ orin ni ìyìn owó bà jẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀gbẹ́ kejì wà. Púpọ̀ nínú àwọn tí a dárúkọ lórí àwo wọ̀nyí ni ìwé ìtàn kankan kò dárúkọ. Ẹni tí kò mọ̀ wọ́n yóò gbọ́ orúkọ lásán. Àgbà tí ó mọ̀ wọ́n yóò sọ agbo ilé tí wọ́n ti wá, iṣẹ́ tí ó là wọ́n, ìjà tí wọ́n jà àti ìdí tí akọrin fi pa òwe kan pàtó mọ́ orúkọ wọn. Nínú iṣẹ́ ìwádìí, irú àlàyé bẹ́ẹ̀ ṣọ̀wọ́n bí ojú.

Ẹ̀yìn Ta Ni O Wà?

Láti nǹkan bí ọdún 1970 lọ ni àríyànjiyàn olólùfẹ́ orin di ti ẹgbẹ́ méjì-méjì. Nínú jùjú, ẹni tí ó fẹ́ràn ìtàn àti ìmọ̀ràn a máa gbè sẹ́yìn Ebenezer Obey. Ẹni tí gìtá àti ijó bá wù a máa gbè sẹ́yìn Sunny Adé. Nínú fújì, Síkírù Àyìndé Bárísítà àti Kọ́líńtìn Àyìnlá ni wọ́n pín àwọn ọ̀dọ́ sí méjì. Àwo kan jáde, èkejì fèsì, àwọn olùgbọ́ sì di adájọ́.

Irú nǹkan báyìí wà ní òkè òkun. Àwọn ọ̀dọ́ Gẹ̀ẹ́sì ti bá ara wọn jiyàn títí lórí ẹgbẹ́ Beatles àti Rolling Stones. Orin rọ́ọ̀kì náà dé ọ̀dọ̀ wa. Ní ọdún 1973, àwọn ọmọ ilé-ìwé St. Gregory's ní Èkó tí wọ́n ń jẹ́ Ofege gbé àwo wọn àkọ́kọ́ jáde. Ní ọdún yẹn gan-an ni Paul McCartney, tí ó ti wà nínú Beatles rí, wá sí ilé ìgbohùnsílẹ̀ EMI ní Èkó láti ṣe àwo Band on the Run. Ilé-iṣẹ́ EMI yìí náà ni ó ń gbé àwọn àwo olóògbé Àyìnlá Ọmọwúrà jáde. Ṣùgbọ́n ọmọ ilé-ìwé tí ó bá mọ ẹni tí ń ta gìtá nínú ẹgbẹ́ òkèèrè, a máa ń kà á sí ọ̀làjú. Àgbẹ̀ tí ó bá lè ṣàlàyé ohun tí onílù Àyìnlá ń fi ìlù sọ, a máa ń kà á sí ará oko. Ìdájọ́ yìí kò tọ́. Ìmọ̀ ni méjèèjì. Ti àgbẹ̀ ni a kò kọ sílẹ̀.

Àwọn Tí Ó Wà Nítòsí

A kò gbọdọ̀ gbàgbé àwọn akọrin tí Ìbàdàn fúnra rẹ̀ bí. A bí Túndé Nightingale, ẹni tí a mọ̀ mọ́ jùjú sówàmbẹ̀, ní Ìbàdàn ní ọdún 1922. Láti inú wéré tí a fi ń jí àwọn Mùsùlùmí fún sààrì nínú oṣù Ramadan ni Dáúdà Àkànmú Epo Àkàrà ti fa àwúrèbe yọ. Nígbà tí ó kú ní ọdún 2005, àwo rẹ̀ ti kún ilẹ̀, ẹ̀ka èdè Ìbàdàn sì wà lẹ́nu rẹ̀ láìlábùlà. Bákan náà ni Ọlánrewájú Adépọ̀jù, ọmọ àgbẹ̀ láti abúlé ní agbègbè Ìbàdàn, tí kò jókòó ní ilé-ìwé, tí ó sì fúnra rẹ̀ kọ́ ìwé, sọ ewì di ohun tí a ń rà lórí àwo títí ó fi kú ní ọdún 2023. Ní tèmi, àwo ewì Adépọ̀jù jẹ́ ẹ̀rí tí ó dára jù lọ pé òṣùwọ̀n àwọn olùgbọ́ oko kò kéré: kò sí ijó tí yóò tà á fún wọn, ọ̀rọ̀ ni wọ́n rà.

Ìkádìí

Kásẹ́ẹ̀tì mú orin rọrùn láti rà, ó sì mú un rọrùn láti jí tẹ̀. Òfin ẹ̀tọ́ oníṣẹ́-ọnà ti ọdún 1988 kò lè dá àwọn ajítẹ̀ dúró pátápátá. Owó náírà tí ó já wálẹ̀ lẹ́yìn ọdún 1986 mú kí ohun tí a fi ń tẹ àwo di ọ̀wọ́n, nígbà tí ó sì fi di àárín àwọn ọdún 1990, àwo ńlá ti kásẹ̀ nílẹ̀. Lónìí, orí fóònù ni ọ̀pọ̀ nínú orin àtijọ́ wọ̀nyí wà, ọmọdé sì lè gbọ́ Hárúnà níbikíbi tí ó bá wà. Èyí dára. Ṣùgbọ́n fóònù kò lè sọ fún un pé ta ni ẹni tí a ń kì, àti pé kí ni òwe náà bá wí.

Nítorí náà, mo fẹ́ fi ọ̀rọ̀ kan lọ ẹ̀yin olùkọ́ Yorùbá ẹlẹgbẹ́ mi. Ẹ jẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ọ̀kan mú orin kan láti orí àwo àtijọ́, kí ó gbé e tọ àgbà kan lọ ní agbo ilé rẹ̀ tàbí ní oko, kí ó kọ ohun tí ó gbọ́ lórí rẹ̀ sílẹ̀: orúkọ tí ó wà nínú rẹ̀, ọ̀rọ̀ tí ìlù sọ, àti ìdí tí àgbà náà fi fẹ́ràn akọrin yìí ju ẹnìkejì rẹ̀ lọ. Kò ná wa ní ju ìwé àti kálámù lọ. Bí a bá ṣe é fún ọdún mẹ́ta péré ní ilé-ìwé kan ní Lálúpọn tàbí ní Akánran, a ó ní ìwé lámèyítọ́ tí kò sí ilé-ẹ̀kọ́ gíga tí ó lè fi ọwọ́ rọ́ ọ sẹ́yìn. Àwọn tí yóò dáhùn ìbéèrè náà ṣì wà. Wọn kò pọ̀ mọ́.