Iṣẹ́ Ìyanu àti Ẹnu Ẹlẹ́rìí: Àríyànjiyàn David Hume

Àríyànjiyàn lórí iṣẹ́ ìyanu ti wà ṣáájú David Hume. Spinoza, onímọ̀ ọgbọ́n orí bíi Hume, ti kọ ọ́ ní 1670 pé kò sí ohun tí ó lè ṣẹlẹ̀ tí yóò tako òfin ìṣẹ̀dá. Ọ̀nà mìíràn ni Hume, ọmọ Edinburgh (1711–1776), gbà yọ. Kò bẹ̀rẹ̀ láti orí bóyá òkú lè jí. Ohun tí ó bèèrè ni pé, bí ẹnì kan bá wá ròyìn fún wa pé òkú jí, kí ni ó yẹ kí a rí kí a tó gbà á gbọ́? Ó ní ibi tí òun ti ń bá Jésúìtì kan tí ó mọ̀wé sọ̀rọ̀ ní La Flèche, nílẹ̀ Faransé, ni èrò náà ti sọ sí òun lọ́kàn. Ó yọ ọ́ kúrò nínú ìwé rẹ̀ àkọ́kọ́ kí ó má baà bí àwọn onísìn nínú, àfi ní 1748 ni ó tó tẹ̀ ẹ́ jáde.

Ọlọ́gbọ́n, ní ti Hume, kì í gba nǹkan gbọ́ kọjá ibi tí ẹ̀rí rẹ̀ mọ. Òfin ìṣẹ̀dá ni ohun tí aráyé ti ń rí láìyẹ̀ láti ìran dé ìran. Ẹnu ènìyàn sì rèé, a mọ̀ pé a máa purọ́, a sì mọ̀ pé ojú a máa ṣi nǹkan rí. Nítorí náà, àyàfi bí irọ́ tàbí àṣìṣe ẹlẹ́rìí bá ṣòroó gbà ju iṣẹ́ ìyanu náà lọ ni a lè gba ìròyìn rẹ̀. Òṣùwọ̀n yìí tọ́, ṣùgbọ́n kò ti ilẹ̀kùn pa tó bí Hume ṣe rò. Yíyẹ àwọn ẹlẹ́rìí wò gan-an ni iṣẹ́ kù sí.

Richard Price, àlùfáà ará Wales tí ó tún jẹ́ onímọ̀ ìṣirò, takò ó ní 1767. Ó ní bí ìwé ìròyìn bá kéde nọ́ńbà tí ó jẹ lọ́tìrì, a óò gbà á láìjanpata, bẹ́ẹ̀ nọ́ńbà yẹn ì bá má jáde rárá. A lè fèsì pé nọ́ńbà kan kò ní ṣàì jáde, ṣùgbọ́n kò sí òkú kan tí ó di dandan kí ó jí. Ìṣòro tí ó le jù wà nínú àpẹẹrẹ Hume fúnra rẹ̀: ọmọ ọba ará Íńdíà kan tí kò gbà pé omi lè dì. Hume ní èrò ọkùnrin náà tọ̀nà. Síbẹ̀ omi ń dì! Ní 1837, Charles Babbage, onímọ̀ ìṣirò ará England, fi ìṣirò hàn pé ẹlẹ́rìí púpọ̀ lè borí ohun tí ó ṣọ̀wọ́n jù lọ. Bí ẹnì kọ̀ọ̀kan bá ń ṣìnà lẹ́ẹ̀kan péré nínú 100, kí mẹ́ta ṣìnà pọ̀ jẹ́ ẹ̀ẹ̀kan nínú 1,000,000. Ìṣirò náà péye, bí kò bá sí ẹni tí ó gbọ́ ọ láti ẹnu ẹnìkejì, tí ìrètí kan náà kò sì so wọ́n pọ̀.

Ìtẹ́ òkú Saint-Médard ní Paris fi èyí hàn. Lẹ́yìn tí François de Pâris, ẹni tí àwọn ọmọlẹ́yìn Jansen, ẹgbẹ́ kan nínú ìjọ Kátólíìkì, ń bọlá fún, kú ní 1727, ọ̀pọ̀ ènìyàn sọ pé àwọn rí ìwòsàn ní ibojì rẹ̀, títí ìjọba fi ti ibẹ̀ pa ní 1732. Hume gbà pé àwọn ẹlẹ́rìí pọ̀, pé wọ́n sì jẹ́ ẹni iyì. Ó kàn ní ohun tí wọ́n sọ kò lè ṣẹlẹ̀ ni. Níbẹ̀ ni ó ti ju òṣùwọ̀n ara rẹ̀ nù, kò sì sí ìdí tí ó fi yẹ kí ó ṣe bẹ́ẹ̀: ìjọ kan tí ìjọba ń fìyà jẹ, tí ó ń wá àmì pé Ọlọ́run wà lẹ́yìn òun, kò lè ṣe ẹ̀rí bí àjèjì mẹ́ta tí kò mọ ara wọn.

Onígbàgbọ́ ṣì lè sọ pé ẹni tí ó ti mọ̀ pé Ọlọ́run wà kò níí ka iṣẹ́ ìyanu sí ohun tí ó jìnnà tó bí Hume ṣe kà á sí. Òótọ́ ni. Àmọ́ nígbà náà, ìgbàgbọ́ ni ó gbé iṣẹ́ ìyanu dúró, kì í ṣe iṣẹ́ ìyanu ni ó gbé ìgbàgbọ́ dúró. Ohun tí Hume sì ní kí wọ́n má ṣe ni kí wọ́n fi irú ìròyìn bẹ́ẹ̀ ṣe ìpìlẹ̀ ẹ̀sìn.