Ilé àjọni ní New York: Iye tí wọ́n ń tà á kọ́ ni iye tó ń náni

Ọmọ Yorùbá tó bá ń wá ilé rà ní ìlú New York, lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, kì í pẹ́ kó tó ṣàkíyèsí pé fúláàtì méjì tí yàrá wọn dọ́gba, tí wọ́n sì wà ní àdúgbò kan náà, lè máà dọ́gba rárá lówó. Bí ó bá bèèrè ìdí rẹ̀, wọn yóò sọ fún un pé kọ́ńdò ni èyí tó wọ́n, co-op sì ni èyí tó dínwó. Ọ̀pọ̀ a yọ̀ mọ́ èyí tó dínwó náà, wọn kò ní bèèrè ohun tí wọ́n yọ kúrò nínú rẹ̀ kí owó rẹ̀ tó wálẹ̀.

Ẹni tó ra co-op kò ra ilé. Ilé-iṣẹ́ kan ló ni ilé náà láti ìpìlẹ̀ dé òrùlé. Ohun tí olùrà sanwó fún ni ìpín nínú ilé-iṣẹ́ yẹn, pẹ̀lú ìwé àdéhùn tó fún un láṣẹ láti máa gbé inú fúláàtì kan pàtó. Onípìn-ín ni, ayálégbé náà sì ni. Àwọn tó mọ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù nílé lè rò pé nǹkan kan náà ni, ṣùgbọ́n alájẹṣẹ́kù a máa yá ọmọ ẹgbẹ́ lówó kó fi kọ́lé tirẹ̀ ni. Ní ti co-op, ilé kì í kúrò lọ́wọ́ ẹgbẹ́ láéláé.

Ètò náà ti pẹ́. Ní 1916, àwọn ọmọ ilẹ̀ Finland tó ṣí wá sí Sunset Park, ní Brooklyn, kọ́ ọ̀kan tí wọ́n pè ní Alku, ìyẹn ni “ìbẹ̀rẹ̀” lédè wọn. Ẹgbẹ́ àwọn òṣìṣẹ́ aránṣọ kọ́ Amalgamated sí Bronx ní 1927. Èyí tó tóbi jù níbẹ̀ ni Co-op City, tí àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í kó wọ̀ ní 1968, tí fúláàtì inú rẹ̀ jẹ́ 15,372. Abẹ́ òfin ilé àwọn oníwọ̀nba owó, Mitchell-Lama ti 1955, ni wọ́n kọ́ ọ sí, nítorí náà ẹni tó bá ń kó jáde níbẹ̀ kò lè tà á ní iye tí ọjà bá gbé e dé. Àwọn ará ibẹ̀ gan-an ló kọ́kọ́ fi han aráyé ibi tí bàtà ti ń ta ẹsẹ̀: láti 1975 wọ 1976, odidi oṣù mẹ́tàlá ni wọ́n fi kọ̀ láti san owó oṣooṣù wọn fún àwọn alákòóso, nítorí pé ojoojúmọ́ ló ń ga sí i.

Owó oṣooṣù yìí ni ẹni tó ń ṣírò gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ wò. Inú rẹ̀ ni owó orí tí ilé ń san fún ìjọba ìlú wà, àti owó òṣìṣẹ́, omi, ẹ̀rọ tó ń mú ilé móoru nígbà òtútù, pẹ̀lú gbèsè tí ilé-iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀ jẹ báńkì. Ká ní fúláàtì kan jẹ́ $250,000, tí owó oṣooṣù rẹ̀ jẹ́ $1,400. Èkejì jẹ́ $320,000, owó oṣooṣù tirẹ̀ sì jẹ́ $800. Bí olùrà bá fi ìdá ogún nínú ọgọ́rùn-ún sílẹ̀, tó sì yá ìyókù fún ọgbọ̀n ọdún ní èlé 6.5 nínú ọgọ́rùn-ún, àpapọ̀ ohun tí yóò máa san lóṣù lórí èyí tó dínwó súnmọ́ $2,664, ti èyí tó wọ́n sì súnmọ́ $2,418. Ìyàtọ̀ rẹ̀ lé ní $240 lóṣù. Kí ọdún márùn-ún tó pé, $14,000 tó rò pé òun fi pamọ́ nígbà tó ń san àsansílẹ̀ ti wọlẹ̀. Gbèsè báńkì a sì tán lọ́jọ́ kan. Owó oṣooṣù kì í tán.

Lẹ́yìn owó ni ìgbìmọ̀. Àwọn onípìn-ín ló ń yan ìgbìmọ̀ tí yóò yẹ ìwé owó olùrà wò, tí yóò sì pè é fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò. Ó pẹ́ tí wọ́n ti ń lé èèyàn padà láìsọ ìdí. Ní 1979, ààrẹ Amẹ́ríkà tẹ́lẹ̀, Richard Nixon, kò rí co-op rà nítorí àtakò àwọn tó ń gbé inú ilé. Ní 1985, San Remo ti ilẹ̀kùn mọ́ Madonna olórin. Òfin kò gbà kí wọ́n kọ èèyàn nítorí àwọ̀ tàbí orílẹ̀-èdè rẹ̀, ṣùgbọ́n bí a kò bá sọ ìdí fún ẹni tí a kọ̀, kí ni yóò fi pẹjọ́?

Ibí yìí ni èésú ti máa ń kó ọmọ Yorùbá sí wàhálà. Owó èésú tí èèyàn kó lẹ́ẹ̀kan náà, tó wọ àpò báńkì rẹ̀ ní gìdìgbà, owó tí kò ní orísun ni lójú báńkì àti ìgbìmọ̀. Kí ó wà nínú àpò báńkì fún oṣù díẹ̀ ṣáájú, kí àkọsílẹ̀ èésú náà sì wà nílẹ̀, ló dára jù. Ọ̀pọ̀ ìgbìmọ̀ a tún fẹ́ rí i pé lẹ́yìn tí olùrà bá san gbogbo rẹ̀ tán, owó tó lè gbé e fún ọdún kan tàbí méjì ṣì kù lọ́wọ́ rẹ̀.

Ẹni tó ń gbèrò láti fi ilé sílẹ̀ fún ayálégbé, kó máa bọ̀ nílé fún ọdún mẹ́ta, ní láti tún èrò rẹ̀ pa. Ọ̀pọ̀ co-op kì í gbà kí onípìn-ín fi fúláàtì háyà, àwọn tó gbà a máa fi gbèdéke sí i. Ẹni tó bá sì jẹ owó oṣooṣù, ẹgbẹ́ lè fagi lé àdéhùn rẹ̀, kí wọ́n ta ìpín rẹ̀, ẹ̀tọ́ wọn sì máa ń ṣáájú ti báńkì.

Ilẹ̀ tí ilé wà lórí rẹ̀ náà kì í ṣe ti ẹgbẹ́ nígbà mìíràn. Ní Carnegie House, lẹ́bàá Central Park ní Manhattan, ìdájọ́ àwọn onílàjà ní 2025 sọ owó ilẹ̀ di ohun tó lé ní ìlọ́po márùn-ún, àwọn onípìn-ín ni yóò sì gbé e. Bẹ́ẹ̀ ni òfin èéfín ilé ti 2019, Local Law 97, ti fi ìtanràn lé àwọn ilé ńláńlá tí èéfín wọn bá kọjá òṣùwọ̀n láti 2024, ọdún 2030 ni yóò sì le sí i.

Èrè kan wà tí kò yẹ ká gbàgbé: ẹni tó yáwó ra co-op kì í san owó orí ìforúkọsílẹ̀ ẹ̀yáwó, èyí tí oníkọ́ńdò ń san, ẹgbẹẹgbẹ̀rún dọ́là sì ni.

Kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ síwèé, agbẹjọ́rò rẹ̀ yóò béèrè ìwé ìṣirò owó ilé-iṣẹ́ náà fún ọdún méjì tàbí mẹ́ta, àti àkọsílẹ̀ ìpàdé ìgbìmọ̀. Èyí tó kẹ́yìn yìí ni kó fara balẹ̀ kà jù, nítorí inú rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ lífítì tó ń bàjẹ́ àti òrùlé tó ń jò máa ń wà, kí ó tó di owó àkànṣe tí wọn yóò bù lé olúkúlùkù lórí.