Ta ni Ibrahim Mahama, oníṣẹ́ ọnà tó sọ àpò kòkó di ilé ẹ̀kọ́?

Ọdún 1987 ni wọ́n bí Ibrahim Mahama nílùú Tamale, ní àríwá Ghana. Fásitì KNUST nílùú Kumasi ló ti kẹ́kọ̀ọ́ nípa àwòrán yíyà.

Àpò kòkó ló sọ ọ́ di ìlú-mọ̀ọ́ká. Ó máa ń fi àpò tuntun gba àpò tó ti gbó lọ́wọ́ àwọn oníṣòwò. Òun àtàwọn alábàáṣiṣẹ́ rẹ̀ a wá rán wọn pọ̀, wọ́n a sì fi bo ilé ńláńlá. Lọ́dún 2015, iṣẹ́ yìí dé Venice, ní Ítálì.

Lọ́dún 2024, ó fi aṣọ tó fẹ̀ tó 2,000 mítà onígun mẹ́rin bo ara ilé Barbican ní London. Tamale ni ọgọ́rọ̀ọ̀rún èèyàn ti hun ún, tí wọ́n sì ti rán an.

Níbo ni owó rẹ̀ ń lọ?

Owó iṣẹ́ tó ń tà ló fi dá ibùdó SCCA sílẹ̀ ní Tamale lọ́dún 2019, àti Red Clay lábúlé Janna Kpeŋŋ lọ́dún 2020. Ọkọ̀ òfurufú àlòkù ti di yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ níbẹ̀. Ọmọ abúlé kò ní láti dé Accra tàbí Yúróòpù kó tó fojú rí iṣẹ́ ọnà ńlá.

Ní Oṣù Kejìlá 2025, Mahama di ọmọ Áfíríkà àkọ́kọ́ tí ìwé ìròyìn ArtReview fi ṣíwájú nínú àwọn 100 tó lágbára jù lágbo ọnà. Àmọ́ ọjà iṣẹ́ ọnà ló gbé àwọn ibùdó náà ró. Bí ọjà bá kùtà, àwọn ọmọ Janna Kpeŋŋ ni yóò kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n lára.