Bàbà Inú Ìgò Dúdú

Àkọsílẹ̀ ètò ọ̀sẹ̀ yìí nìyí, fún ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ràn kíkà ju gbígbọ́ lọ àti ẹ̀yin tí dátà yín ti fẹ́ tán. Ọ̀rọ̀ ọtí dúdú tó le la fẹ́ sọ lónìí. Ẹni tí kò bá tíì pé ọmọ ọdún 18, ìtàn ni kó bá wa kà, kó má bá wa gbé ife. Ẹ̀yin tí ẹ̀sìn yín kò sì gbà á, ẹ má tíì lọ. Ẹnu ẹni tí kì í mutí ni mo ti gbọ́ èyí tó dùn jù nínú ìtàn yìí.

Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ rèé. Ní Sátidé kan, àwa márùn-ún pàdé nílé ọ̀rẹ́ mi kan ní Bódìjà, n'Íbàdàn. Ọ̀kan nínú wa ṣẹ̀ṣẹ̀ ti London dé, ó sì gbé Foreign Extra Stout tí wọ́n pọn ní Dublin bọ̀. A ra ti Nàìjíríà ní ṣọ́ọ̀bù ìsàlẹ̀ àdúgbò, a ra Legend mọ́ ọn, a sì wá stout kan tí ilé ìpọntí kékeré kan l'Ékòó pọn, irú èyí tí wọ́n ń pè ní craft beer. Èmi gbé kẹ́ẹ̀gì kékeré kan wá, ọtí bàbà láti Ìsẹ́yìn, ìlú mi. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni mo rà á lọ́wọ́ obìnrin kan, mo sì tọ́jú rẹ̀ sínú fíríìjì.

Ẹni London yìí ti tẹ ìwé ìdájọ́ jáde fún oníkálukú wa. Ìwé tí ẹgbẹ́ Beer Judge Certification Program ń lò ni. Amẹ́ríkà ni wọ́n ti dá ẹgbẹ́ náà sílẹ̀ lọ́dún 1985. Àádọ́ta máàkì ni gbogbo rẹ̀: òórùn ní 12, ìrísí ní 3, adùn ní 20, bí ọtí ṣe fúyẹ́ tàbí ṣe wúwo lẹ́nu ní 5, èrò adájọ́ lórí gbogbo rẹ̀ lápapọ̀ ní 10. Ìrísí, 3 péré! Àwa tí a máa ń ya fọ́tò ife kí a tó mu ún, ẹ gbọ́ o.

Bí wọ́n ṣe ń tọ́ ọ wò náà ní ètò. Wọn kì í gbé stout láti inú fíríìsà sẹ́nu tààrà. Òtútù máa ń pa òórùn, ahọ́n náà á sì kú. Ẹ jẹ́ kó jókòó fún bí ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ẹ dà á dé ìdajì ife, ẹ yí ife náà díẹ̀, ẹ gbóòórùn rẹ̀ kí ẹ tó mu. Ẹ mu díẹ̀, ẹ jẹ́ kó yí gbogbo ẹnu ká, ẹ gbé e mì, kí ẹ wá dúró wo ohun tó ṣẹ́kù lórí ahọ́n. Ohun tó ṣẹ́kù yẹn lèmi fi ń mọ stout gidi. Kíkorò rẹ̀ gbọ́dọ̀ pẹ́ lẹ́nu, àmọ́ kò gbọdọ̀ dà bíi pé èèyàn jẹ èédú.

A bo ìgò, a kọ nọ́ńbà sára ife. Ti Dublin gbẹ lẹ́nu, ó ń rùn bíi kọfí. Ti Nàìjíríà wúwo jù ú lọ, ó dùn díẹ̀ níwájú, ó kan díẹ̀ lẹ́yìn, òórùn àgbàdo tó jóná sì wà níbẹ̀. Ìdá 7.5 nínú ọgọ́rùn-ún ni agbára àwọn méjèèjì, àmọ́ ẹ ò ní pè wọ́n ní ìbejì. Mẹ́ta nínú wa gbé ti Nàìjíríà sípò kìíní, èmi náà wà lára wọn. Ti ilé ìpọntí kékeré yẹn ṣe ipò kejì. Wọ́n fi kọfí sí i, kọfí náà sì fẹ́ gba ilé mọ́ onílé lọ́wọ́.

Nígbà tó kan ọtí bàbà, yàrá pa rọ́rọ́. Ó pọ́n rúsúrúsú, kò mọ́ kedere, ó kan gan-an, kò sì hó rárá. Ẹni London ní, “Èyí ti bàjẹ́.” Ìwé sì wà lẹ́yìn rẹ̀. Nínú ọ̀pọ̀ irú bíà tó wà níbẹ̀, kíkan jẹ́ àléébù. Foreign Extra Stout ní àyè tirẹ̀ nínú ìwé ìtọ́sọ́nà wọn, láti ìdá 6.3 dé ìdá 8. Mo wá ọtí bàbà níbẹ̀, mi ò rí i. Èmi fúnra mi ni mo fún ọtí ìlú mi ní 17 nínú 50. Ó dùn mí, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í kàwé.

Ìtàn stout líle, ìtàn ìrìn àjò ni. Arthur Guinness bẹ̀rẹ̀ sí í pọntí ní Dublin lọ́dún 1759. Ní 1801, ilé iṣẹ́ náà ti ní ọtí kan tí wọ́n ń pè ní West India Porter. Àwọn erékùṣù Caribbean ló ń lọ. Ọ̀nà jìn, oòrùn mú, ọkọ̀ ojú omi kò sì yára, torí náà wọ́n fi kún hops, ìyẹn òdòdó kíkorò tí kì í jẹ́ kí bíà tètè bàjẹ́, wọ́n sì jẹ́ kí ọtí náà le sí i. Òun ló padà di Foreign Extra Stout. Ní 1827, Guinness dé Sierra Leone. Ní 1950, wọ́n dá Guinness Nigeria sílẹ̀ láti máa kó o wọlé. Nígbà tó di 1962, ọdún méjì lẹ́yìn òmìnira, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í pọn ọ́n ní Ìkẹjà.

Àmọ́ àwọ̀ dúdú yẹn, Dublin ló ti ń wá. Wọ́n máa ń yan ọkà báálì níbẹ̀ títí á fi dúdú, wọ́n á sọ ọ́ di omi tó ki, wọ́n á sì fi ránṣẹ́ sí àwọn orílẹ̀-èdè tó ń pọn ọtí náà. Ilé ìpọntí ibẹ̀ á pọn bíà tí kò dúdú, wọ́n á wá lú méjèèjì pọ̀. Dúdú ti òkèèrè, ara ti ibí.

Kí wá ni ara náà? Fún ọ̀pọ̀ ọdún, malt báálì tí wọ́n ń kó wá láti òkèèrè ni. Ọkà tí wọ́n rẹ sómi títí ó fi hù, tí wọ́n wá sá gbẹ, òun ni malt. Nígbà tí owó epo rọ̀bì já wálẹ̀, náírà tẹ̀lé e, ètò SAP ìjọba Babangida dé ní 1986. Ìjọba fòfin de kíkó malt báálì wọlé, òfin náà sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní January 1988. Àwọn ilé ìpọntí kò rí ibi sá sí àfi inú oko: àgbàdo àti ọkà bàbà. Ilé iṣẹ́ ìwádìí FIIRO ní Òṣòdì ti ń ṣe iṣẹ́ lórí bàbà fún ọtí, àwọn onímọ̀ ní Samaru, ní Zaria, sì ní irú kan tí wọ́n ń pè ní SK5912 tó dára fún malt. Kò rọrùn. Bàbà ń fẹ́ iná tó gbóná ju ti báálì lọ kí inú rẹ̀ tó jọ̀wọ́ ara rẹ̀, agbára tó ń sọ ọ́ di ṣúgà kò sì tó ti báálì, ni wọ́n bá ń ra enzyme kún un. Wọ́n ti gbé òfin náà kúrò tipẹ́, bàbà kò kúrò. Ní 2007, ìròyìn gbà á pé Guinness tí wọ́n ń tà ní Nàìjíríà ti ju èyí tí wọ́n ń tà ní Ireland tó ni ín lọ. Wọ́n tilẹ̀ ń kó ìgò tiwa lọ sí London fún àwọn èèyàn wa ní Peckham.

Ibi tí mo ti ń ka èyí ni mo ti rántí pé a kì í sọ̀rọ̀ ọtí bàbà nílé wa.

Bí ẹ bá gbọ́ Ìsẹ́yìn, aṣọ òkè lẹ máa rántí. Òótọ́ ni. Àwọn kan á rántí tábà. Àmọ́ ilẹ̀ ọ̀dàn ni tiwa, òjò wa kò pọ̀ bíi ti Ìjẹ̀bú, bàbà sì fẹ́ràn irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ọ̀pọ̀ wa níbẹ̀ sì jẹ́ Mùsùlùmí. Ìyá tó bí màmá mi pọn ọtí bàbà àti ṣẹ̀kẹ̀tẹ́, èyí tí wọ́n ń fi àgbàdo ṣe, fún nǹkan bí ogún ọdún kí wọ́n tó fi í sílẹ̀, kí wọ́n tó lọ Mẹ́kà. Nílé wa, wọ́n á ní owó aṣọ òkè ló rán ẹ̀gbọ́n màmá mi lọ sílé ẹ̀kọ́ àwọn tíṣà. Owó ọtí ni. Ìyá àgbà fúnra wọn ló sọ fún mi.

Mo gbé ìgò stout kan lọ bá wọn. Mo mọ̀ pé kò bójú mu, ẹ má bá mi wí.

“Gbé e kúrò lórí ẹní mi.”

Mo gbé e sẹ́bàá ilẹ̀kùn. Ó pẹ́ díẹ̀ kí wọ́n tó béèrè pé, “Kí ni wọ́n fi pọn ọ́n?”

“Bàbà ni, Ìyá.”

“Bàbà?” Wọ́n wò mí bíi pé mò ń purọ́. “Ọjọ́ mélòó ló lè lò nínú ìgò?”

Mo ka ara ìgò. Mo ní ó máa dé ọdún tó ń bọ̀. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. “Ọtí tí kì í kú! Ṣé ọtí nìyẹn?”

Mo ṣí i. Wọn ò fọwọ́ kàn án, àmọ́ òórùn rẹ̀ dé ibi tí wọ́n jókòó sí. “Ó jóná.” Mo ní wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ yan án ni. “Ó dáa. Owó wọn ni.”

Ìgbà yẹn ni ọ̀rọ̀ tú jáde lẹ́nu wọn. Bàbà pupa ni wọ́n ń lò. Wọ́n á rẹ ẹ́ mọ́jú, wọ́n á dà á sínú apẹ̀rẹ̀, wọ́n á fi ewé bò ó, wọ́n á máa wọ́n omi sí i. Lọ́jọ́ kẹta tàbí ìkẹrin, ó ti hù. Tí èéhù rẹ̀ bá kúrú, ọtí ò ní dùn. Tó bá gùn jù, ó ti jẹ adùn ara rẹ̀ tán. Wọ́n á sá a, wọ́n á lọ̀ ọ́, wọ́n á sè é títí, wọ́n á sẹ́ ẹ, wọ́n á wá bu gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ ọtí ti tẹ́lẹ̀ sí i, torí ibẹ̀ ni ìwúkàrà ń gbé. Kò sí ìwé ìdájọ́ kankan. Wọ́n á fi ìka méjì pa omi ọkà náà. Tó bá lẹ̀, adùn ti jáde. Wọ́n á gbé etí sẹ́nu ìkòkò. Tó bá ń sọ̀rọ̀ kíákíá, kò tíì tó. Tó bá ti ń sọ ọ́ jẹ́jẹ́, ẹ pe oníbàárà.

Àwọn oníbàárà náà mọ ohun tí wọ́n ń rà. Ti ọjọ́ kìíní ṣì ń dùn, àwọn obìnrin ló ń bá a lọ. Ti ọjọ́ kejì ni wọ́n ń gbé lọ sóko fún àwọn tó wá ṣe ọ̀wẹ̀. Ti ọjọ́ kẹta, àwọn àgbà ọkùnrin nìkan ló mọ ohun tí wọ́n ń wá níbẹ̀. Gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ tí a torí rẹ̀ yọ máàkì ní Bódìjà, òun ni wọ́n ń pè ní oúnjẹ inú ọtí. Tó bá mọ́ jù, wọ́n á ní ẹlẹ́tí ti bu omi là á.

Mi ò sọ pé ìwé Amẹ́ríkà yẹn kò dára. Òun ló kọ́ mi láti gbóòórùn kí n tó mu. Àmọ́ mo gbé òṣùwọ̀n ọtí tí wọ́n ṣe kó má baà kú lójú òkun, mo fi wọn ọtí tí wọ́n ṣe kí èèyàn mu ún lọ́la. Ó sì tún kù: ọkà kan náà ló wà nínú ìgò tí mo gbé sípò kìíní.

Mo fẹ́ gba ohùn wọn sílẹ̀, wọ́n ní rárá. Lálẹ́ ọjọ́ náà, màmá mi pè mí. “Ìwọ ọmọ yìí, má gbé orúkọ ìyá mi sórí íntánẹ́ẹ̀tì pé wọ́n ta ọtí.” Mo ní kò sí ìtìjú níbẹ̀, iṣẹ́ ọwọ́ ni. Wọ́n ní, “Kì í ṣe ìwọ ni wọ́n máa yíjú wò ní mọ́sálásí.” Mi ò rí èsì fọ̀. Ìdí nìyẹn tí ẹ kò fi gbọ́ ohùn ìyá àgbà lórí ètò yìí, tí mi ò sì dárúkọ wọn tàbí àdúgbò wọn.

Kí n tó padà s'Íbàdàn, mo jẹ́wọ́ máàkì 17 yẹn fún wọn. Wọ́n béèrè ọjọ́ tí mo ra ọtí náà. Mo ní Ìṣẹ́gun. Ọjọ́ wo lẹ mu ún? Mo ní Sátidé. Wọ́n fi ìka kà á.

“Ó ti kú kí ẹ tó débẹ̀. Òkú lẹ fún ní máàkì.”

Wọ́n ní tí mo bá tún ń bọ̀, kí n kọ́kọ́ pè. Àwọn á júwe ilé ẹni tó ṣì ń pọn ọ́n dáadáa fún mi, àmọ́ àwọn ò ní bá mi débẹ̀, kí n má sì gbé kẹ́ẹ̀gì náà gba iwájú ilé.